Bí ẹ ṣe lè ṣe pósítà máàpù fún Ọjọ́ GIS ní yunifásítì

Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ GIS káàkiri àgbáyé. GIS ni fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù àti fífi í ṣe ìṣirò nípa ibi tí nǹkan wà. Ilé-iṣẹ́ Esri ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1999. Ní yunifásítì, ọjọ́ yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé pósítà kọ́ sára ògiri, tí àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ á máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kàwé ní Gwagwalada, Zaria, Minna tàbí Ìlọrin, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìbéèrè tó máa ń le jù ni pé: "Níbo lo ti rí ìlà yìí?" Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, torí kẹ́ ẹ lè dáhùn rẹ̀ ni. Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

"Lílo GIS fún àyíká ní Àbújá" kì í ṣe àkòrí. Kò sẹ́ni tó lè rí ìdáhùn rẹ̀ lára ògiri. Ẹ mú ohun tó ṣeé kà: ilé mélòó ló wà láàárín 100 mítà sí odò Usuma nínú ìlú Gwagwalada? Kí ìbéèrè náà sì kọjú síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti pulọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ AGIS (ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀) l'Àbújá, ọ̀rọ̀ àjálù ni ti NEMA (àjọ tó ń rí sí pàjáwìrì), àwòrán sátẹ́láìtì ni ti NASRDA (àjọ ìwádìí òfuurufú).

Níhà Àríwá, iṣẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ lójú wa. Máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà ti fo ọ̀pọ̀ abúlé kéékèèké. Láti nǹkan bí ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn abúlé náà jáde láti inú àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n sì ń fi fóònù tó ní GPS tọ ipa àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọdé lẹ́nu. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: abúlé wo la ò tíì dé?

Dátà

OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ó ti rí odò àti títì. Ẹ fi QuickOSM (àfikún kan nínú QGIS) fà á wọ inú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya máàpù. Google Open Buildings ni ẹ ó ti rí ilé. Kọ̀ǹpútà ló fojú ṣe òǹkà àwọn ilé yẹn láti inú àwòrán, torí náà ó lè pe àpáta tàbí kọ̀ǹténà ní ilé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánilójú tirẹ̀ nínú tábìlì: ẹ yọ èyí tó bá wà lábẹ́ 0.7 kúrò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí pósítà pé ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣa 50 láìyàn, ẹ fojú yín wò wọ́n lórí àwòrán, kẹ́ ẹ kọ iye tó jẹ́ ilé lóòótọ́. Ìlà kan yìí níkan máa ń mú kí àgbà dúró wo iṣẹ́ yín.

Ẹ ṣọ́ odò pẹ̀lú. Ìlà àárín omi ni OpenStreetMap sábà máa ń yà. Níbi tí odò bá fẹ̀ tó 30 mítà, 15 mítà àkọ́kọ́ nínú bọ́fà yín (àyè 100 mítà tẹ́ ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ odò), omi ni. Ẹ fọwọ́ ya etí odò méjèèjì láti orí àwòrán, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ àyípadà láti ọdún dé ọdún lẹ fẹ́ fi hàn, àwòrán Sentinel-2 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Pixel kan (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán) jẹ́ 10 mítà, sátẹ́láìtì náà sì ń padà wá lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Láti oṣù Kẹfà dé Kẹsàn-án, kùrukùru á bo Àbújá. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á gbà á. Ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Kọkànlá ni ojú ọ̀run sábà máa ń mọ́ jù. Oṣù kan náà ni kẹ́ ẹ fi wéra wọn. Ẹni tó bá fi oṣù Kẹsàn-án 2017 wé oṣù Kejì 2024 á rò pé wọ́n ti gé igbó tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lásán ló gbẹ ewé.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù

EPSG ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dárúkọ ètò tí wọ́n fi ń wọn ibi lórí ilẹ̀. EPSG:4326 ni ọ̀pọ̀ dátà orí íntánẹ́ẹ̀tì wà, dígíríì ló sì fi ń wọn nǹkan. Bẹ́ ẹ bá ní kí QGIS ṣe bọ́fà 100 lórí rẹ̀, 100 dígíríì ló máa ṣe, kì í ṣe mítà. Ẹ lọ sí Vector, Data Management Tools, Reproject Layer, kẹ́ ẹ gbé gbogbo léyà (ìpele dátà kọ̀ọ̀kan) lọ sí EPSG:32632, ìyẹn UTM zone 32N, ètò tó ń fi mítà wọn nǹkan. Òun ló gba Àbújá, Kàdúná, Zaria, Kánò, Jos àti Minna. Ìlọrin àti Sókótó wà ní zone 31 (EPSG:32631), Maiduguri wà ní 33 (EPSG:32633). Ẹ má lo Set Layer CRS fún iṣẹ́ yìí: orúkọ ló ń pààrọ̀, àwọn nọ́ńbà inú fáìlì ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà.

Pílánì àtijọ́ tún ní tirẹ̀. Minna datum, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ wọn fi wọn ilẹ̀ (EPSG:26332 fún zone 32). Bẹ́ ẹ bá pè é ní WGS 84 (ìpìlẹ̀ tí GPS ń lò), ó lè yẹ̀ ju 80 mítà lọ, ìyẹn sì ti gbé ilé ẹnì kan sínú pulọ́ọ̀tì ẹlòmíràn.

Títò ó sórí ìwé

Ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò. A1 (841 sí 594 mm) ló wọ́pọ̀. Bí ibi tẹ́ ẹ ń yà bá fẹ̀ tó 8 kìlómítà, tí àyè máàpù sì jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, 1:20,000 ni ìwọ̀n máàpù yín (scale). Kí lẹ́tà inú àlàyé má kéré ju 24 point lọ, kí gbogbo ọ̀rọ̀ má sì ju 300 lọ. Ilé tó wà nínú bọ́fà, ẹ fún un ní àwọ̀ ọsàn tó dúdú díẹ̀. Ìyókù, àwọ̀ eérú. Ẹ má tẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì sábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó máa ń ṣókùnkùn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ní ìgun ìsàlẹ̀, ẹ kọ ibi tí dátà ti wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ fà á, àti EPSG.

Bẹ́ ẹ bá ń ṣe PDF, 200 dpi ti tó. Ẹ yan "Always export text as paths", torí àwọn atẹ̀wé sábà máa ń fi CorelDRAW ṣí i, àmì abẹ́ lẹ́tà ọ àti ẹ á sì fò lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe "fit to page". Bó bá jáde, ẹ fi rúlà wọn igi ìwọ̀n (scale bar): ní 1:20,000, kìlómítà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 gééré. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Flex, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ báńà, kì í tètè ya, àmọ́ lẹ́tà kékeré máa ń ṣe bàìbàì lórí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìgun kan fún yín wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú nítorí iná mànàmáná tó lè lọ.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó ṣí ọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà", "Ina kwana" fún àgbà tó bá jẹ́ Hausa. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáhùn: iye ilé, bẹ́ ẹ ṣe kà á, lẹ́yìn náà ibi tí iṣẹ́ yín kù sí. Ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ tó. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kún dání, kí dátà yín wà nínú GeoPackage kan (fáìlì tó ń gba gbogbo léyà pọ̀), nínú fólúdà kan náà pẹ̀lú fáìlì QGIS, kí léyà má baà sọnù lójú àlejò. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹ fi PDF tí kò tó 2 MB ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ méjì tó kọjá, pẹ̀lú orúkọ yín àti ìbéèrè tẹ́ ẹ dáhùn lórí ìméèlì náà.