Bí a ṣe ń ka kálórì oúnjẹ ilé, tìtọ́wòtìtọ́wò

Ibi tí ìṣirò kálórì ti máa ń yẹ̀ nínú oúnjẹ ilé kì í ṣe òkèlè. Epo ni, àti ìtọ́wò. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó gíráàmù 14, kálórì inú rẹ̀ sì lé ní 120. Ẹni tó bá ń da epo láti ẹnu ìgò tààrà sínú ìkòkò lè ti da irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá kó tó gbé ìgò kúrò. Nítorí náà, ìdí àdògán la ti ń wọn nǹkan, kí iná tó ràn, kì í ṣe inú àwo.

Ohun tí o nílò ni òṣùwọ̀n oní-bátìrì tó lè gbé kílò 5, tó sì ń ka gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbé e sí ibi tó tẹ́jú. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń kú, nọ́ńbà á máa lọ sókè sódò. Fi páálí ṣúgà kílò kan tí a kò tíì tú dán an wò: ó yẹ kó ka 1,000 tàbí kó fi díẹ̀ lé e, nítorí páálí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Má gbé ìkòkò gbígbóná lé e lórí lásán. Tẹ́ aṣọ tí a ká tàbí pákó sórí rẹ̀ ná, tẹ bọ́tìnì TARE kó padà sí òdo, kí o tó gbé ìkòkò lé e.

Wọn gbogbo ìkòkò ilé lófìfo lẹ́ẹ̀kan, láìsí ọmọrí, kí o kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé. Má kọ ọ́ sí ìdí ìkòkò, iná á jó o dànù.

Kálórì tó wà nínú gíráàmù 100: epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà 884, ẹ̀pà 567, ẹ̀gúsí 557, ìyẹ̀fun àgbàdo bíi 360, gàrí gbígbẹ bíi 350, iṣu tútù tí a ti bó 118, àlùbọ́sà 40, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ 23, tòmátì 18. FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ àtẹ oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2019, lédè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni kí o ti wá ìyókù. Tí o bá ń ka ara páálí, kcal, ìyẹn kálórì tí à ń kà níbí, ni kí o mú, kì í ṣe kJ, tó jẹ́ òṣùwọ̀n mìíràn. Ẹni tó bá mú kJ yóò ka oúnjẹ rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ̀rù á sì bà á lásán.

Ẹ jẹ́ ká se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Epo pupa gíráàmù 150 jẹ́ kálórì 1,326. Ẹ̀gúsí 200 jẹ́ 1,114. Tòmátì 300 jẹ́ 54. Àlùbọ́sà 150 jẹ́ 60. Tẹ̀tẹ̀ 500 jẹ́ 115. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,669. Omi, iyọ̀ àti ata ò mú nǹkan gidi wá. Ẹja ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ìkòkò, nítorí ẹja kì í pín dọ́gba: ẹnìkan á gba orí, ẹlòmíì á gba ìrù. Wọn gígé tó bá kàn ọ́ nínú àwo, jẹ ẹ́, kí o wọn egungun tó kù, kí o yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ọbẹ̀ bá jinná, kó ẹja jáde, gbé ìkòkò sórí òṣùwọ̀n. Ká ní ó ka 2,890, tí ìkòkò òfìfo sì jẹ́ 1,150: ọbẹ̀ tó kù jẹ́ 1,740. Ṣùgbọ́n a ti tọ́ ọ wò, ìtọ́wò náà sì gbọ́dọ̀ padà sínú ìṣirò.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí a má fi ìgbakọ tọ́ nǹkan wò mọ́. Wá ṣíbí kan tó ń gba gíráàmù 15 ọbẹ̀, èyí tí o ti wọ̀n fúnra rẹ, kí o yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan tí o bá tọ́ ọ wò, fa ìlà kan sínú ìwé. Ìlà mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 60. Fi 60 kún 1,740, ó di 1,800. Fi 1,800 pín 2,669: gíráàmù kan ọbẹ̀ yìí jẹ́ kálórì 1.48. Ìtọ́wò nìkan ti tó 89, àwo tó gba gíráàmù 250 sì jẹ́ 370. Ìyá tó ń se fún ilé ńlá lè tọ́ ọ wò nígbà mẹ́jọ, kó há ìdí ìkòkò, kó jẹ àjẹkù ọmọ, kó wá máa ṣe kàyéfì pé òun ò jẹun púpọ̀. Àwo àjẹkù náà ní ìwọ̀n: wọ̀n ọ́n kí o tó fi ọwọ́ kàn án.

Ro ọbẹ̀ pọ̀ dáadáa kí o tó bù ú. Epo máa ń léfòó, ẹni tó bá bu òkè ló ń gbé kálórì lọ. Tí o bá sì ré epo kúrò lójú ọbẹ̀, wọn epo náà kí o yọ kálórì rẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ nínú àwo kan náà, bu tìrẹ sọ́tọ̀ kí o wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ tó wọ àwo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìṣirò tó lè rí i mú.

Ọbẹ̀ tí a gbóná lọ́jọ́ kejì kì í ṣe ọbẹ̀ àná, omi rẹ̀ ti lọ. Ká ní ó kù 900, kálórì inú rẹ̀ jẹ́ 1,332. Bí ó bá di 800 lórí iná, 1.67 ni gíráàmù kan báyìí.

Iyán Ṣábẹ̀ àti ọkà Kétu ò le. Wọn iṣu lẹ́yìn tí o bá ti bó o, kí o tó gbé e kaná; wọn iyán náà nígbà tí o bá gún un tán, kí o pín in bí a ṣe pín ọbẹ̀. Ẹni tó ń rokà kì í mọ iye èlùbọ́ tí omi yóò gbà, nítorí náà wọn igbá èlùbọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, tún wọ̀n ọ́n nígbà tí o bá ṣe tán. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni o lò.

Fún àkàrà, wọn páànù pẹ̀lú òróró tútù. Lẹ́yìn dídín, jẹ́ kó tutù, ṣa èérún kúrò, kí o tún wọ̀n ọ́n. Bí 150 bá dín nínú rẹ̀ lórí àkàrà 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mu gíráàmù 5, ìyẹn kálórì 44, láìtíì ka ẹ̀wà. Òróró tí kò gbóná tó máa ń jẹ́ kí àkàrà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò epo ni kí o fi yẹ ìwé rẹ wò. Lítà kan tí o rà ní ọjà Ouando ní Porto-Novo tó gíráàmù 910, bíi kálórì 8,000. Bí ènìyàn márùn-ún bá lò ó tán ní ọjọ́ márùn-ún, 320 ló kan ẹnìkan lójúmọ́. Bí ìwé rẹ bá ń sọ 150, kọ́kọ́ wo òróró dídín tí a dà nù, lẹ́yìn náà kí o bi ẹni tó se oúnjẹ nígbà tí o ò sí nílé bóyá ó wọn epo.