Bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kétárìn l'Abuja láì wọ gbèsè

Ìbéèrè kan náà làwọn àbúrò mi obìnrin máa ń bi mí, "Àǹtí, mo mọ oúnjẹ sè dáadáa, ṣé kí n wá ṣọ́ọ̀bù ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá ṣọ́ọ̀bù. Owó ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ tó ta àwo kan owó ti tán. Kúlà méjì lèmi fi bẹ̀rẹ̀, mo ń se àmàlà àti ìrẹsì nílé ní Nyanya, mo ń gbé e lọ sí Area 1 lọ́sàn-án níbi táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà. Látìgbà tí wọ́n ti gbé olú-ìlú kúrò l'Ékòó wá síbí ní December 1991, ọ́fíìsì ló ń bọ́ ìlú yìí, òun náà ló sì máa bọ́ yín. Ẹni tó jẹ àmàlà yín lónìí tó gbádùn ẹ̀, òun ló máa pè yín tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé, òun náà ló tún máa pè yín tó bá fẹ́ sọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ọ̀pọ̀ obìnrin tọ́wọ́ wọn dùn ju tèmi lọ ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Kọsitọ́mà á pè, á ní èèyàn ọgọ́rùn-ún, èló ni, kíá la ti dá a lóhùn lórí fóònù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó fún yín di ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ mú ìwé kẹ́ ẹ jókòó. Àpò ìrẹsì 50kg, èmi kì í kà á kọjá èèyàn 300, ìyẹn ni pé èèyàn ọgọ́rùn-ún á gba bíi 17kg. Ẹran, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi mẹ́wàá lé ọgọ́rùn-ún torí àwọn dírẹ́bà àti àwọn tó ń to àga, ẹbi ń pa àwọn náà. Lẹ́yìn yẹn ẹ wá kọ àwọn nǹkan kéékèèké tá a máa ń gbàgbé, gáàsì, owó ọkọ̀, yìnyín, omi, ọ̀rá, ike tékéwèé, owó àwọn tó ń bá yín bu oúnjẹ. Ẹ kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ èrè lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ní ó ti wọ́n jù, ẹ má lọ gé ẹran sí kékeré láìsọ fún wọn o, ẹ yọ sálàdì kúrò nínú ìwé kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó kúrò àti iye tó bá a kúrò.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yẹn pé iye yìí ò kọjá ọjọ́ méje. Torí tòmátì ni. Láti January sí March, tòmátì Kano àti Kaduna máa ń pọ̀ lọ́jà, tójò bá ti ń rọ̀ owó ẹ̀ á fò sókè. Ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní 2016 á rántí ìgbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì àwọn ará Kaduna àti Kano, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì, ẹni tó ti gbowó iṣẹ́ sílẹ̀ ní iye àtijọ́, àpò ara ẹ̀ ló fi pé e. Ní February ẹ ra púpọ̀, ẹ sè é, ẹ jẹ́ kó gbẹ omi, ẹ kó o sí fírísà. Tí iná ò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ ra gbígbẹ.

Ẹ gbowó kẹ́ ẹ tó dáná. Ọ́fíìsì kan gbéṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún mi, tíì àárọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán fún èèyàn 120, wọ́n lówó á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo yáwó lẹ́gbẹ́ àjọ wa, mo ra adìyẹ láwìn, oṣù méje ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ kí wọ́n tó san án. Ìyá tó ń ta adìyẹ fún mi ò bá mi jà o, ṣe ni wọ́n kàn máa ń dákẹ́ tí mo bá ti ń kọjá, ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Látìgbà yẹn, ìdá méje nínú mẹ́wàá kí n tó lọ sọ́jà, ìyókù kí kúlà tó wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ ìjọba tí wọn ò bá lè san ṣáájú, ẹ gba lẹ́tà tọ́gàá wọn fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ má sì gba èyí tó bá ju owó tẹ́ ẹ lè gbé dúró lọ.

Ní ti ọjà, Dei-Dei ni kẹ́ ẹ lọ fún tòmátì àti ẹran, Zuba fún iṣu àti èso. Mudu ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níbí, kì í ṣe kóńgò, àwọn kan á sì ti ìdí mudu wọn wọnú, ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tàbí kẹ́ ẹ ra síkéèlì tiyín. Ẹ kọ́ Hausa díẹ̀, tẹ́ ẹ bá lè sọ "nawa ne" (èló ni) àti "don Allah a rage" (ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù), wọ́n á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àlejò.

Nítorí àwọn kọsitọ́mà yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹran tí Mùsùlùmí pa nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò, kí wáìnì má kan ìkòkò yín rárá. Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ṣáájú ìrun ni wọ́n fẹ́ jẹun àbí lẹ́yìn ẹ̀. Nínú Ramadan, kí kunu, kósè (ìyẹn àkàrà) àti dàbínù ti dé kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó ti gbààwẹ̀ látàárọ̀ ò ní lè dúró de gósílóò Nyanya.

Ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ò ní sanwó sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ara yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa rọ zobo sínú ike tà ní ṣọ́ọ̀bù, ó di ọ̀rọ̀ NAFDAC nìyẹn, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó kan. Ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, alẹ́ ni mo ti se jọ̀lọ́ọ̀fù torí mo ń bẹ̀rù àárọ̀, mo dà á sínú kúlà nígbà tó ti ń lọ́wọ́ọ́rọ́, mo dé e pa. Agogo mọ́kànlá ọjọ́ kejì mo ṣí i, òkè ẹ̀ dáa, mo ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀, ó ń fà bí ilá, òórùn ẹ̀ ti yí. Mo dà á nù, mo ra ìrẹsì míì, mo tún iná dá, gbogbo èrè lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ èyí tó kan nínú wọn. Oúnjẹ tó bá gbóná, kó gbóná gan-an nínú kúlà tó gbẹ, èyí tó bá máa tutù, ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè kó tètè tutù kó tó wọ fíríìjì, ẹ má jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ. Kẹ́ ẹ tó bu àwo àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bu ṣíbí kan láti ìsàlẹ̀ kúlà, kì í ṣe láti òkè, kẹ́ ẹ fi sẹ́nu.