Bí A Ṣe Ń Yan Béárìn Tó Bá Ẹ̀rọ Mu

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ béárìn ẹ̀rọ ìlọta ìyá kan ní ọjà Gwagwalada láàárín oṣù mẹ́rin. Béárìn ni òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn irin kéékèèké tí à ń pè ní ọmọ ń yí láàárín wọn, kí ṣáàfù, irin gígùn tó ń yí nínú ẹ̀rọ, lè máa yí geere. Nọ́ńbà tí mo bá lára èyí tó bàjẹ́ náà ni mo ń rà lọ. Ìgbà kẹta ni mo tó jókòó ti ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá da ọkà bàbà sí i, wọ́n fẹ́ kó kúnná, wọ́n sì ń lọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ náà le. Bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ ni irin ìlọta méjèèjì ń fún mọ́ra, tí agbára yẹn sì ń ti ṣáàfù nídìí, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ìṣó. Ẹrù tó ń tẹ ṣáàfù láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ṣe béárìn tí mo ń rà fún. Ìtì ìdí báyẹn, díẹ̀ ló lè gbà.

Nítorí náà, ibi tí ẹrù ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí bẹ́líìtì bá ń fa ṣáàfù, ẹrù ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Béárìn tí ọmọ inú rẹ̀ rí róbótó, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, tó fún un. Tí ẹrù náà bá wúwo gan-an, ẹ wá èyí tí ọmọ rẹ̀ rí bí agolo, tí wọ́n kọ NU sí lára. Àmọ́ NU kò gba ìtì ìdí rárá, ńṣe ni òrùka rẹ̀ máa ń yọ̀ jáde. Ìtì ìdí nìkan, ẹ ra èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 51. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, bíi táyà tírélà, èyí tí ọmọ rẹ̀ tín-ín-rín lápá kan ni. 3 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, méjì ni wọ́n sì ń lò, kí ọ̀kan máa dá èkejì dúró.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa níhìn-ín, wẹ́dà ló jó férémù rẹ̀. Bó ti wù kí ojú wẹ́dà mú tó, ìjókòó béárìn méjèèjì kì í sábà bára wọn gún. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn UCP nìyẹn, èyí tó ní ilé irin tirẹ̀ tí a ń fi bóòtù dè mọ́lẹ̀. Béárìn inú rẹ̀ lè yí díẹ̀ tẹ̀lé ṣáàfù nígbà tí ẹ bá ń dè é.

Ẹ wá ka nọ́ńbà. Nínú 6205, 6 ni irú rẹ̀, 2 ni bó ṣe sanra tó, 05 ni ihò: ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 25 mílímítà. Láti 04 lọ sókè ni ìṣirò yìí ti ń ṣiṣẹ́. 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Ihò 6305 náà jẹ́ 25, àmọ́ ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 62, ti 6205 jẹ́ 52. Ṣáàfù kan náà lè lo èyí tó lágbára jù, bí àyè bá gbà á. Ọ̀rọ̀ agbára yìí kì í ṣe kékeré: bí ẹrù béárìn ọlọ́mọ róbótó bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á já sí ìdá kan nínú 8.

Eruku ló kàn. Bí ọ̀yẹ́ bá ti dé lóṣù kọkànlá, eruku aṣálẹ̀ á bo gbogbo nǹkan, ẹ̀rọ ìlọta sì tún ní ìyẹ̀fun tirẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà béárìn. Páànù ni wọ́n fi dé èyí tí wọ́n kọ ZZ sí. Kò kan òrùka inú, ìyẹ̀fun á ráyè wọlé. Róbà ni wọ́n fi dé èyí tí wọ́n kọ 2RS sí, òun ni mo ń lò. Ẹ má fi í síbi tó ń gbóná kọjá 100 dígírì. Mọ́tò iná tó máa ń gbóná, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ C3 sí: àyè inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí irin lè ríbi wú sí.

Bí nọ́ńbà ara béárìn bá ṣeé fi èékánná ha kúrò, ó lè jẹ́ ayédèrú, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Tí ẹ bá ń gbé e wọ ṣáàfù, ẹ fi páìpù tó bá òrùka inú mu lé e, kí ẹ máa lù ú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lu òrùka ìta, àwọn ọmọ inú á dá egbò sí ọ̀nà tí wọ́n ń yí gbà, béárìn tuntun á máa pariwo lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọlé.

Ẹ̀rọ ìyá yẹn, mo fi 51 sí ìdí ṣáàfù níbi tí ìtì ti ń wá, mo fi 2RS síwájú àti sẹ́yìn. Lẹ́yìn tó ti lọ ọkà fún wákàtí kan, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilé béárìn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó mi. Ìyá dẹtí sí i títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò ké mọ́."