Bí a ṣe ń mọ bẹ́líìtì ọkọ̀ tí ó ti jẹ: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé

Ìbáà ṣe ọkọ̀ tí ó ń kó iṣu láti Àjàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin, ìbáà ṣe Sienna tí ìdílé ń gbé lọ sí Òmù-Àrán, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń yí gbogbo ohun tí ó wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Fáànù bẹ́líìtì ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ni ó ń yí fáànù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ohun tí bẹ́líìtì náà ń yí gan-an ni alternator tí ó ń fún bátìrì ní iná, pọ́ǹpù páwà tí ó ń jẹ́ kí sítíárìn fúyẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, àti nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù tí ó ń yí omi rádíétọ̀ ká.

Bí ó bá já lójú ọ̀nà, iná bátìrì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárìn á sì wúwo lójijì. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa á. Ẹni tí ó bá ní “ó kù díẹ̀ kí n dé Gánmọ” tí kò pa á, owó gáskẹ́ẹ̀tì ni ó ń lọ san.

(Bẹ́líìtì eléyín tí ó wà lábẹ́ ìdérí lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Kì í ṣe òun ni à ń sọ níbí.)

Kò sán, ṣùgbọ́n ó ti jẹ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń wá ibi tó sán. Rọ́bà àtijọ́, neoprene, máa ń sán lóòótọ́ bí ó bá ti gbó. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú, EPDM ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì ọkọ̀. Rọ́bà yìí kì í tètè sán. Jíjẹ ni ó ń jẹ bíi táyà, díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ tán kó má sì ní ojú ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ yí inú bẹ́líìtì síta, ẹ ó rí i bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí: ebè gígùn mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje, pẹ̀lú poro láàárín wọn. Púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ kọjá, náà ní ebè àti poro tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ebè bẹ́líìtì ni ó ń di púlì mú, kì í ṣe orí rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ náà bá ti jẹ, poro á fẹ̀, ebè púlì á wọlé títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀ poro, bẹ́líìtì á sì máa yọ̀. Kò sì dìgbà tó bá jẹ púpọ̀: bí nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 rọ́bà ebè náà bá ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ lè ti yí padà. Ojú lásán kò lè rí ìdá 5.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́líìtì fi ṣe ìwọ̀n kékeré kan, onírọ́bà líle, tí ó ní ọ̀pá tín-ínrín. A ó tẹ́ ọ̀pá náà sínú poro. Bí ó bá yọrí ju ebè lọ, bẹ́líìtì ṣì dára. Bí òun àti ebè bá dọ́gba, tàbí tí ó rì sísàlẹ̀, ó ti jẹ. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ mú tuntun tí ó ní nọ́ńbà kan náà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó, kí ẹ sì fi èékánná wọ inú poro méjèèjì. Èyí tí ó jẹ, poro rẹ̀ á fẹ̀ nísàlẹ̀, orí ebè rẹ̀ á sì mú ṣóńṣó.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò lára ọkọ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀yìn bẹ́líìtì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ebè níbi tó bá hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ pa á, kí apá mìíràn lè yọ síta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ojú ìlà 3 láàárín íǹsì 3 lórí ebè kan ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí rọ́bà bá ti gé kúrò lára ebè, ẹ má ṣe dúró rárá. Bí etí rẹ̀ bá ń tú fọ́nrán, tàbí tí ebè ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ju ti èkejì lọ, púlì kan ni kò bá àwọn yòókù dọ́gba. Bí ẹ bá fi tuntun sí i láìtún púlì ṣe, oṣù díẹ̀ ni yóò lò. Bí inú rẹ̀ bá ń dán bí àwo, ó ti ń yọ̀ tipẹ́. Bí ó bá rọ̀ tí ó sì wú, ọ́ìlì ń jò sí i lára: ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku pupa ọ̀nà oko máa ń wọnú poro. Iyanrìn rẹ̀ a máa gún rọ́bà, a sì máa fá ojú púlì. Ọkọ̀ tí ó ń wọ oko lójoojúmọ́ kò yẹ kó dúró de 100,000 kìlómítà kí a tó yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò. Ẹ máa wò ó nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ariwo

Ẹ̀bi ariwo kì í sábà jẹ́ ti bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ẹ ra píọ̀wọ́tà kan, ẹ gé etí ọ̀rá náà, kí ẹ sì fọ́n omi díẹ̀ sí inú ebè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀. Kí apá aṣọ, ìborùn àti gèlè má sún mọ́ ibẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́ tí ó sì tún padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, púlì ni kò gún. Bí ó bá túbọ̀ ń ké kíkankíkan, bẹ́líìtì ń yọ̀: tẹ́ńsọ́nà ti rẹ̀, tàbí ebè ti jẹ.

Tẹ́ńsọ́nà ni apá tí ó ní sípíríǹgì, tí ó ń ta bẹ́líìtì le. Bí ó bá ń gbọ̀n sókè sódò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tàbí tí bẹ́ríǹ rẹ̀ ń ró hùnhùn, kó bá bẹ́líìtì lọ.

Ẹ má fi ọṣẹ, àbẹ́là tàbí ọ́ìlì pa bẹ́líìtì láti pa á lẹ́nu mọ́. Ó á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì á ba rọ́bà jẹ́, ọṣẹ á sì di eruku mú.

Rírà àti fífi sí i

Ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà ní ẹ̀yìn ògbólógbòó. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan rà á. Bí ó bá jẹ́ 6PK1835, ebè 6 ni, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1835. Ẹ má ra tòkunbọ̀: ẹ kò mọ ìrìn tí ó ti rìn. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ká a lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta kó lè wọ ọ̀rá. Fọ́nrán inú rẹ̀ lè ṣẹ́.

Kí ẹ tó tú u, ẹ ya àwòrán ọ̀nà tí ó gbà yí gbogbo púlì ká sórí ìwé, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Ẹ tú orí òdì bátìrì. Sípánà ni a fi ń yí tẹ́ńsọ́nà kí bẹ́líìtì lè dẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, púlì tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kó kẹ́yìn. Kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan etí bẹ́líìtì lórí púlì kọ̀ọ̀kan: bí ebè kan bá yọ síta, yóò gé kó tó pẹ́.

Ti ẹ̀rọ gàrí

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ kò ní ebè púpọ̀. Ó dà bíi V. Òun pẹ̀lú, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ìdí kòtò púlì bá ń dán, bẹ́líìtì ti jẹ tàbí púlì ti jẹ. Nọ́ńbà B52 túmọ̀ sí pé gígùn inú rẹ̀ jẹ́ íǹsì 52. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín púlì méjì tí ó jìnnà síra ní nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà, kó wọlé bí sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yọ̀, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ríǹ ni yóò jẹ. Ẹ̀rọ tí ó ní bẹ́líìtì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fi tuntun kan ti ògbólógbòó, tuntun nìkan ni yóò máa ru ẹrù, kò sì ní pẹ́ já.