Ẹ ṣọ́ "exhort" lò

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ "exhort" lò. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Kéèyàn gba ẹlòmíì níyànjú tọkàntọkàn, pé kó ṣe ohun tó yẹ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ bá òun ti ilẹ̀kùn kò "exhort" yín rárá. "Ask" ti tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kóòṣì tó ń ké sí àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú 5, ibẹ̀ ló ti bá a mu gan-an: "The coach exhorted them to keep running." Ẹni tí à ń gbà níyànjú ló ń ṣáájú, "to" á wá tẹ̀lé e. A kì í pe "h" inú rẹ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kí ẹ ṣì í kọ sí "extort", tó túmọ̀ sí kéèyàn fi ìhàlẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ wo lẹ́tà tó ní alága "extorted" gbogbo ọmọ ẹgbẹ́! Kọ̀ǹpútà ò sì ní fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀, torí ojúlówó ọ̀rọ̀ ni méjèèjì.