Bí A Ṣe Ń To Ìlà Àtẹ àti Bí A Ṣe Ń Ṣà Wọ́n Nínú Mẹ́mọ́rì

Nígbà tí áàpù bá ti kó dátà láti inú dátábéèsì sínú DataTable (àtẹ inú mẹ́mọ́rì ní .NET, pẹpẹ ìkọ́ áàpù ti Microsoft) tán, kò sí ìdí tí yóò fi tún máa padà lọ béèrè nígbàkigbà tí aṣàmúlò bá fẹ́ tún un tò. Inú mẹ́mọ́rì ni a ti lè parí iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ wa ni àtẹ kan tó ń jẹ́ esi, tó ní òpó mẹ́ta: Oruko, Maaki àti Ojo.

Kí a tó to ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wo irú dátà tí òpó kọ̀ọ̀kan gbà. Bí a bá kọ Columns.Add("Maaki") lásán, string (ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe nọ́ńbà) ni .NET yóò kà á sí, 100 yóò sì ṣáájú 45, nítorí pé ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan ni a fi ń wéra, kì í ṣe iye. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

esi.Columns.Add("Maaki", typeof(int));

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a fẹ́ lo àbájáde, Select, tó ń ṣa ìlà tó sì ń tò wọ́n, ti tó:

DataRow[] yege = esi.Select("Maaki >= 50", "Maaki DESC, Oruko ASC");

Èyí to máàkì láti òkè wá sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ya àwọn tí máàkì wọn bá dọ́gba. Ìlà tí a bá fi kún àtẹ lẹ́yìn náà kò ní sí nínú yege.

Fún àtẹ tí yóò máa hàn lójú aṣàmúlò, DataView, ìwò lórí àtẹ náà tó ń bá a yí padà, ló yẹ:

var iwo = new DataView(esi, "Maaki >= 50", "Maaki DESC", DataViewRowState.CurrentRows);

Ó sàn kí a kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá yí Sort (ètò ìtò) tàbí RowFilter (gbólóhùn ìṣàyàn) padà ni DataView ń tún atọ́ka rẹ̀ (àkójọ bí àwọn ìlà ṣe tẹ̀ léra) kọ́. Kò da dátà kọ. Bí àwọn ìlà ṣe tẹ̀ léra nínú esi kò yí padà rárá.

Bí aṣàmúlò bá ń tẹ orúkọ tó ń wá (oro nínú kóòdù ìsàlẹ̀ yìí), àmì ' inú orúkọ bíi O'Brien yóò da gbólóhùn ìṣàyàn rú, àfi kí a sọ ọ́ di méjì:

iwo.RowFilter = "Oruko LIKE '" + oro.Replace("'", "''") + "*'";

Àmì *, tó dúró fún lẹ́tà yòówù, lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni bí ó bá wà láàárín. Ní ti ọjọ́, oṣù ló ń ṣáájú, bí ó ti wù kí a ṣètò kọ̀ǹpútà náà: Ojo >= #12/31/2024#.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé DataView kì í dúró sójú kan. Bí a bá ń ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀ nínú lúùpù, tí a sì fi iwo[i].Row["Maaki"] = 40 yí máàkì padà nígbà tí 50 ni ààlà, ìlà náà yóò jáde lójú ẹsẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, lúùpù yóò sì fò ó láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nítorí náà, ẹ fi Select kó àwọn ìlà náà jọ ná, kí ẹ wá yí wọn padà láti inú ohun tó dá padà.

Láti rí gbogbo ìlà padà, ẹ sọ RowFilter di "".