Fáìlì ń bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ní hard drive púpọ̀? Ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe wọ̀nyí

Ẹ ṣí fọ́tò kan, ìdajì rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Ẹ ṣí òmíràn lórí hard drive kejì, bákan náà ló rí. Àyà ń já, ọwọ́ ń yá. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn ba èyí tó kù jẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kí ẹ tó mọ ohun tó bàjẹ́. Tí Windows bá ní kí ẹ format díráìfù (hard drive) náà, ìyẹn kí ẹ nù ún kó di tuntun, kó tó ṣeé lò, ẹ má gbà. Kódà chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ díráìfù wò tó sì lè tún un ṣe, ẹ ṣọ́ra fún un. Tí ẹ bá tẹ chkdsk E: lásán (E: ni lẹ́tà tí Windows fún díráìfù náà), á kàn yẹ díráìfù náà wò ni, tí ẹ bá fi /f kún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé dátà sí fún ìgbà díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́) ló ní àléébù, inú RAM yẹn náà ni ohun tó ń kọ á gbà kọjá. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó bá ṣeé ṣe.

Èkejì ni kí a máa di ẹ̀bi ru díráìfù. Tí fáìlì bá ń bàjẹ́ lórí díráìfù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo ohun tí wọ́n jọ ń lò: RAM, power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà), wáyà iná kan tí wọ́n là láti fi bọ́ méjèèjì. Ẹ fi MemTest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Kódà ẹyọ àṣìṣe kan kò ṣeé fojú fò.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn, torí kì í kọ nǹkan kan sórí díráìfù. Ẹ wá fáìlì tó tóbi ju RAM yín lọ, kí kọ̀ǹpútà má baà rí i kà láti inú RAM lẹ́ẹ̀kejì. Nínú Command Prompt Windows, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, àti SHA256; àṣẹ yìí ń ka gbogbo fáìlì náà, á sì ṣírò ìlà kan jáde láti inú rẹ̀. Ẹ kọ ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ kò fọwọ́ kan fáìlì náà, síbẹ̀ tí ìlà kejì bá yàtọ̀, ojú ọ̀nà ni dátà ti ń bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí fáìlì yín ṣì pé pérépéré lórí díráìfù.

Tó bá jẹ́ díráìfù kan ṣoṣo ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ “Good” tí SMART, ìròyìn tí díráìfù ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀, kọ tẹ́ra yín lọ́rùn. Tí iye (raw value) tó wà ní ìlà nọ́ńbà 5 tàbí 197 nínú ìròyìn náà bá ń gòkè, ojú díráìfù ló ń kú. Tó bá jẹ́ 199, wáyà dátà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Iye yẹn kì í padà sí òdo o. Ẹ kàn máa ṣọ́ ọ bóyá ó ti dúró.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà díráìfù tó ń bàjẹ́ sórí òmíràn, kó ohun tó kù lórí Linux, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sda àti sdb, orúkọ tí Linux ń fún àwọn díráìfù. Wọ́n lè pààrọ̀ ipò tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Nọ́ńbà sẹ́ríà tó wà lára díráìfù ni kí ẹ fi dá a mọ̀, torí bí ẹ bá gbé orísun sí ipò ibi tí ẹ̀dà ń lọ, òfìfo díráìfù tuntun ni yóò bo fáìlì yín mọ́lẹ̀.